Kí Ìyá Tó Gbé Ọmọ Ọwọ́ Wọ Ọkọ̀ Òfurufú

     

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu. Ẹlòmíràn yóò sọ pé, "Kí ni ó kàn mí kan ọkọ̀ òfurufú? Zémìjàn ni mo ń gùn lọ sí ọjà." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo àyíká yín. Ta ni kò ní ọkọ, tàbí ọmọ, tàbí àbúrò, ní Abidjan, ní Libreville, tàbí ní ilẹ̀ Faransé? Ọkọ lọ ṣíwájú. Ìyàwó bímọ lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ọkọ ránṣẹ́ pé kí ìyàwó máa bọ̀, kí ó gbé ọmọ wá. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú ti wọ inú agbo ilé wa nìyẹn.

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìrìn-àjò yìí rí. Kì í ṣe ní pápákọ̀ òfurufú ni a ti ń múra. Ilé ni a ti ń múra, ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo sin ìyàwó àbúrò mi lọ sí pápákọ̀ òfurufú Cadjehoun, ní Kútọnu. Ọkọ rẹ̀ wà ní Libreville, ní orílẹ̀-èdè Gabon. Nígbà tí ọkọ ń lọ, oyún oṣù mẹ́ta ni ó fi sílẹ̀. Ọmọ náà ti pé oṣù mẹ́wàá, bàbá rẹ̀ kò tíì fi ojú kàn án.

A kúrò nílé kí àkùkọ tó kọ. Ìyá ọmọ ti wẹ ọmọ, ó ti pọ̀n ọ́n. Gbogbo ìwé wà nínú àpò kan. Inú wa dùn.

Nígbà tí ó kàn wá, òṣìṣẹ́ tí ń gba ìwé wo ìwé ìrìnnà ọmọ. Ó wo tíkẹ́ẹ̀tì. Ó tún wo ìwé ìrìnnà. Ó ní, "Ìyá, ṣé ọmọ méjì ni ẹ ní ni?" Adechina ni wọ́n kọ sínú ìwé ìrìnnà ọmọ. Babatoundé ni wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì.

Báwo ni èyí ṣe ṣẹlẹ̀? Ẹni tí ó bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì pe ilé wa lórí fóònù láti béèrè orúkọ ọmọ. Ìyá wa àgbà ni ó dá a lóhùn. Bàbá wa ti kú kí a tó bí ọmọ náà. Nítorí náà, Babátúndé ni ìyá wa ń pè é. Orúkọ tí ó ń pè é náà ni ó sọ.

Ìyá wa kò purọ́. Ní agbo ilé wa, Babátúndé ni ọmọ náà. Ṣùgbọ́n níwájú òṣìṣẹ́ yẹn, kò sí ìwé kan tí ó sọ pé Babatoundé àti Adechina jẹ́ ẹnì kan náà. A ṣàlàyé, a bẹ̀bẹ̀. Ọkọ̀ gbéra, ó fi wá sílẹ̀. A san owó mìíràn kí a tó tún tíkẹ́ẹ̀tì ṣe. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá kí ìyá àti ọmọ tó lọ. Bàbá ọmọ ti lọ dúró ní pápákọ̀ ní Libreville lásán lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ohun tí ó dùn mí jù ni èyí. Ìyàwó àbúrò mi mọ̀wé kà. Ó ti lọ sí kíláàsì àgbà wa fún ọdún kan. Tíkẹ́ẹ̀tì náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò kà á. Ó ní ìwé Faransé ni, òun kò gbọ́ Faransé. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ kì í ṣe Faransé. Ẹni tí ó bá mọ lẹ́tà lè ka orúkọ ọmọ rẹ̀ nínú ìwé kíwèé.

ÌWÉ ỌMỌ

Ọmọ ọwọ́ kò lè sọ̀rọ̀. Ìwé rẹ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ fún un. Ìwé wo ni ó yẹ kí ọmọ ní?

Èkínní ni ìwé ìbí. Òun ni gbòǹgbò. Bí kò bá sí ìwé ìbí, kò sí ìwé ìrìnnà. Ẹ má dúró di ọjọ́ ìrìn-àjò kí ẹ tó wá a. Gbàrà tí a bá ti bí ọmọ ni ó yẹ kí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ìbáà lọ sí ìrìn-àjò, ìbáà má lọ.

Èkejì ni ìwé ìrìnnà, tí a ń pè ní páásípọ́ọ̀tù. Láyé àtijọ́, a máa ń kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé ìrìnnà ìyá rẹ̀. Ìyẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ ọjọ́ díẹ̀ pàápàá gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò tirẹ̀. Ìlú mìíràn tún ń béèrè físà. Bí ẹ bá ń lọ sí irú ìlú bẹ́ẹ̀, ọmọ yóò gba físà tirẹ̀ pẹ̀lú. Ti ìyá kò tó fún ọmọ.

Ẹ̀kẹta ni tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì lè jókòó lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, owó rẹ̀ a sì kéré gan-an sí ti àgbà. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ ṣírò ọjọ́ dáadáa. Bí ọmọ yóò bá pé ọdún méjì kí ẹ tó padà wálé, ìjókòó tirẹ̀ ni ẹ óò san owó fún ní àbọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ìwé abẹ́rẹ́. Èmi yóò sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ̀karùn-ún ni ìwé àṣẹ òbí. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, òfin kan wà lórí ìrìn-àjò àwọn ọmọdé. Òfin 2006-04 ni, ti ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2006. A ṣe é nítorí àwọn ènìyàn burúkú tí ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ tà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń mú ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀ jáde kúrò ní ilẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́. Kí ìyá àgbà má sọ pé, "Ọmọ ọmọ mi ni, ta ni yóò bi mí?" Wọn yóò bi yín. Ó sì dára kí wọ́n bi wá, nítorí ìbéèrè yẹn ni ó ń gba ọmọ mìíràn sílẹ̀. Ìyá tí ó ń dá gbé ọmọ rẹ̀ lọ láìsí bàbá, kí òun náà gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ bàbá ọmọ, kí ó lọ fi òǹtẹ̀ sí i lọ́dọ̀ ìjọba kí ọjọ́ tó pé.

Wàyí o, ẹ̀yin ọmọ kíláàsì, iṣẹ́ yín nìyí. Àwọn tí ń kọ ìwé ìjọba ń fi lẹ́tà Faransé kọ orúkọ wa. Níbi tí àwa ń kọ ṣ, wọ́n sábà máa ń kọ ch. Níbi tí àwa ń kọ u, wọ́n ń kọ ou. Adéṣínà lè di Adechina. Fúnmiláyọ̀ lè di Founmilayo. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó léwu ni pé kí ó jẹ́ Adechina nínú ìwé kan, kí ó wá di Adeshina tàbí Adesina nínú òmíràn. Etí wa gbọ́ ọ ní ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ojú òṣìṣẹ́ rí i ní méjì.

Ẹ tẹ́ gbogbo ìwé náà sílẹ̀ lórí ẹní. Ẹ fi ìwé ìrìnnà sí àárín. Ẹ fi ìka sábẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ọmọ. Ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣé lẹ́tà kan náà ni? Ẹ lọ sí èkejì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọjọ́ ìbí: ọjọ́, oṣù, ọdún. Bí ẹ bá rí ibi tí kò bára mu, ẹ padà lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó kọ ọ́ lọ́jọ́ kejì gan-an. Àṣìṣe tí a rí nílé rọrùn láti tún ṣe. Èyí tí a rí ní pápákọ̀ a máa gba owó lọ́wọ́ ẹni.

Nígbà tí ẹ bá sì ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má ṣe fi ẹnu sọ orúkọ ọmọ. Ẹ fi ìwé ìrìnnà han ẹni tí ń tà á.

ÀLÀÁFÍÀ ỌMỌ

Nígbà tí ìrìn-àjò bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ mú ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀ dání. Ẹ sọ ìlú tí ẹ ń lọ fún nọ́ọ̀sì. Bí abẹ́rẹ́ kan bá ti kọjá ọmọ láìgbà, àkókò wà láti gbà á.

Abẹ́rẹ́ tí àwọn aṣọ́bodè sábà máa ń béèrè ni ti ibà pọ́njú. Ẹ̀fọn ni ó ń gbé àìsàn náà kiri. Ní ilẹ̀ wa, ọmọ tí ó bá pé oṣù mẹ́sàn-án ni a ń fún ní abẹ́rẹ́ yìí. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò gbọdọ̀ gbà á rárá. Bí ọmọ yín bá wà láàárín oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, ẹ jẹ́ kí dókítà ni ó sọ ohun tí ẹ óò ṣe.

Ẹ kíyèsí nǹkan méjì. Ọmọ lè ti gba abẹ́rẹ́ náà, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n ọmọ nìkan. Ìyẹn kò tó ní ẹnu ibodè. Ẹ béèrè ìwé kékeré aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn Faransé ń pè ní carnet jaune, kí wọ́n kọ ọ́ sí i, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú. Èkejì, ìwé náà kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ tí a gún abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ni ó tó múlẹ̀. Ẹni tí ó gba abẹ́rẹ́ ní Mọ́ńdè kò lè fi í rìn ní Fúráìdè. Ṣùgbọ́n láti oṣù keje ọdún 2016, ìwé náà ti di èyí tí ó wúlò títí ọjọ́ ayé ẹni.

Ọmọ tuntun ńkọ́? Ẹ má kánjú gbé e. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú mìíràn kì í gba ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan. Òmíràn ní ó di ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ tí a bí kí oṣù rẹ̀ tó pé, ọmọ tí ó ní àìsàn ọkàn tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró, ọmọ tí òtútù mú tàbí tí etí ń dùn, kí dókítà rí wọn kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ nígbà tí ó bá wà lókè fẹ́lẹ́ ju ti ilẹ̀ lọ. Ara líle kò ní mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ aláìsàn lè mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹnìkan lè sọ fún yín ní ọjà pé kí ẹ fún ọmọ ní oògùn tí yóò mú un sùn, kí ó má baà sunkún nínú ọkọ̀. Ẹ má ṣe é. Nínú àwọn oògùn olómi tí ń múni sùn, ọ̀kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ promethazine. Ó lè dá èémí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì dúró. Ẹ ka ara ìgò oògùn kí ẹ tó fún ọmọ. Ọmọ tí ń sunkún ń mí. Ẹkún sàn ju oorun tí a kò jí nínú rẹ̀ lọ.

ÀPÒ ỌMỌ

Ẹrù ńlá yóò lọ sí abẹ́ ọkọ̀. Ẹ kò ní fi ojú kàn án mọ́ títí ẹ óò fi dé. Nítorí náà, ohun gbogbo tí ọmọ nílò gbọ́dọ̀ wà nínú àpò kékeré lọ́wọ́ yín. Kí ni yóò wà nínú rẹ̀?

Ìtẹ́dìí tí ó tó, kí ó sì lé díẹ̀, nítorí ọkọ̀ lè pẹ́ kí ó tó gbéra. Aṣọ ọmọ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ̀wù kan fún ẹ̀yin fúnra yín, nítorí ọmọ lè bì sí yín lára. Aṣọ ìbora tí ó nípọn, nítorí inú ọkọ̀ òfurufú tutù bí òwúrọ̀ ọyẹ́. Fìlà ọmọ. Aṣọ rírọ̀ tí a óò fi nù ún. Àpò oníke tí a óò di ohun ìdọ̀tí sí. Ọ̀já. Ìwé gbogbo, nínú àpò ọ̀tọ̀ tí omi kò lè wọ̀. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò àwọn ìwé náà pẹ̀lú.

Oúnjẹ ńkọ́? Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò nílò ju ọmú lọ. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ a máa gbẹ ọ̀fun, nítorí náà ẹ máa fún un lọ́mú lemọ́lemọ́. Ìyá náà kí ó máa mu omi dáadáa. Bí ó bá jẹ́ wàrà ìgò ni ọmọ ń mu, ẹ má ṣe pò ó sílẹ̀ láti ilé. Wàrà tí a ti pò kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ kí ó tó di èyí tí a dà nù. Ẹ di ìyẹ̀fun wàrà lọ́tọ̀, kí omi tí a ti sè wà nínú fíláàsì. Èyí tí ọmọ bá mu kù, ẹ dà á nù.

Ọ̀rọ̀ àgbo wá ńkọ́? Mo mọ̀ pé ìyá àgbà yóò fẹ́ rọ àgbo sínú ìgò fún yín. Ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀, wọn kì í jẹ́ kí a mú ohun olómi tí ó ju mílílítà 100 lọ wọ inú ọkọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ń yọ̀ǹda wàrà ọmọ, omi ọmọ àti oúnjẹ ọmọ bí ó bá mọ níwọ̀n. Àgbo kò sí nínú rẹ̀. Wọn yóò gbà á, wọn yóò dà á nù. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà, kí ẹ fi ìgò náà sílẹ̀ fún un.

LỌ́JỌ́ ÌRÌN-ÀJÒ

Láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Kútọnu lé ní igba kìlómítà. Ọkọ̀ lè bàjẹ́ lọ́nà. Táyà lè fọ́. Bí ẹ bá jìnnà, ẹ lọ sùn lọ́dọ̀ ará yín ní Kútọnu tàbí ní Àjàṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. Kí ẹ dé pápákọ̀ nígbà tí ó bá ku wákàtí mẹ́ta kí ọkọ̀ gbéra. Ẹni tí ó gbé ọmọ lọ́wọ́ kì í sáré.

Ẹ óò kọ́kọ́ fi ìwé hàn, kí ẹ sì fi ẹrù ńlá sílẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ pé ọmọ ọwọ́ wà pẹ̀lú yín. Lẹ́yìn náà, ọlọ́pàá yóò wo ìwé ìrìnnà. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò dé ibi ẹ̀rọ tí ń wo inú ẹrù. Àpò ọmọ yóò gba inú ẹ̀rọ náà kọjá. Ọmọ kò ní gba ibẹ̀ o! Wọ́n lè ní kí ẹ tú ọ̀já, kí ẹ sọ ọmọ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ má bínú, iṣẹ́ wọn ni. Ẹ gbé ọmọ mọ́ àyà, kí ẹ bá a kọjá. Tí ẹ bá ti kọjá, ẹ tún lè pọ̀n ọ́n.

Bí ẹ bá ti jókòó nínú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọmọ kò gbọdọ̀ wà ní ẹ̀yìn nígbà tí ọkọ̀ ń gòkè tàbí tí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Iwájú ni ọmọ yóò wà, lórí ẹsẹ̀ yín. Ẹ má sì ṣe fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo di ara yín àti ọmọ pọ̀. Bí ọkọ̀ bá já wìnnìwìnnì lójijì, gbogbo ìwúwo yín ni yóò tẹ ọmọ mọ́ bẹ́líìtì náà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, òṣìṣẹ́ yóò fún yín ní bẹ́líìtì kékeré ti ọmọ, èyí tí ó so mọ́ ti ìyá. Bí wọ́n bá gbàgbé, ẹ béèrè. Ẹ lè nàka sí ọmọ, kí ẹ sì nàka sí bẹ́líìtì. Yóò yé wọn.

Bí ìrìn-àjò bá gùn, bí ti Kútọnu sí Paris tí ó tó nǹkan bí wákàtí mẹ́fà, àwọn ọkọ̀ ńlá mìíràn ní ibùsùn kékeré tí a ń fi kọ́ ara ògiri fún ọmọ. Kò pọ̀ nínú ọkọ̀. Ọjọ́ tí ẹ ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti béèrè rẹ̀.

ETÍ ỌMỌ

Kí ni ó máa ń mú ọmọ ké nínú ọkọ̀ òfurufú? Etí ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Inú etí wa ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, ó dàbí awọ ìlù. Afẹ́fẹ́ wà níwájú awọ yìí, afẹ́fẹ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà tóóró kan ti inú etí wá sí ọ̀fun. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn awọ ń gbà wọlé, tí ó ń gbà jáde. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ó wà níta ń le sí i, ó sì ń ti awọ náà sínú. Ó ń dun ọmọ. Bí àgbà bá gbé itọ́ mì, tàbí tí ó yán, ọ̀nà tóóró náà a ṣí, etí a sì tú. Ọmọ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó mọ̀ ni ọmú.

Nítorí náà, ẹ fún ọmọ lọ́mú nígbà tí ọkọ̀ bá ń gòkè. Ẹ tún fún un nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni ti ìsọ̀kalẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó bá ku nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ọkọ̀ tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Bí ọmọ bá ń sùn, ẹ rọra jí i, kí ẹ fi ọmú sí i lẹ́nu. Ẹ má jẹ́ kí ó mu àmuyó kí àkókò yẹn tó tó, kí ebi lè wà nílẹ̀ fún iṣẹ́ náà.

Bí ọmọ bá ké síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹni tí ó bá wò yín ní ìwòkuwò, òun náà ké bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹkún pàápàá ń ṣí etí ọmọ.

NÍGBÀ TÍ Ẹ BÁ DÉ

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó lè gba ẹ̀mí ọmọ là. Ibà tí ẹ̀fọn ń fún wa nílé lè bá ọmọ wọ ọkọ̀ láìjẹ́ pé a mọ̀. Ó lè wà lára rẹ̀ láìtíì farahàn. Bí ara ọmọ bá gbóná nígbà tí ẹ bá ti dé òkèèrè, pàápàá jù lọ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ sọ ibi tí ẹ ti wá. Ní ìlú òtútù, dókítà lè má ronú kan ibà, nítorí kò sí lọ́dọ̀ wọn. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé yín, kí ẹ mú un lọ: paludisme. Orúkọ ibà náà ní Faransé nìyẹn. Ẹ fi hàn án, kí ẹ sọ pé Bénin, tàbí Togo. Kí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò.

Ọmọ tí a bí sí òkèèrè tí a sì gbé wálé wá kí ìyá àgbà ńkọ́? Ara rẹ̀ kò mọ ibà wa rí. Ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè oògùn tí ń dènà ibà lọ́wọ́ dókítà kí ó tó gbéra. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ ta àpò ẹ̀fọn tí a fi oògùn sí sílẹ̀ dè é. Inú rẹ̀ ni kí ó sùn ní alẹ́ àkọ́kọ́ gan-an.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn mi. Nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì tuntun dé, ìyàwó àbúrò mi kò fún mi. Ó jókòó lábẹ́ iná, ó gbé ọmọ sí ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìwé sí ekejì. Ó fi ìka tẹ̀lé lẹ́tà: A, d, e, c, h, i, n, a. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó pé." Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ, òun ni ó na ìwé sí òṣìṣẹ́, kì í ṣe èmi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà àbúrò mi pè wá lórí fóònù. Kò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn fi fóònù sí ẹnu ọmọ kí a gbọ́ bí ó ti ń rẹ́rìn-ín. Ìyá wa àgbà pariwo pé, "Babátúndé! Babátúndé!" Kò sí ẹni tí ó bá a wí.

Àwọn ìbéèrè fún ẹgbẹ́ agbọ́rédíò àti fún kíláàsì:

1. Ìwé mélòó ni a dárúkọ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Èwo ni gbòǹgbò wọn?
2. Kí ni ó dé tí ọkọ̀ fi fi ìyá àti ọmọ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́?
3. Ọjọ́ mélòó ni abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú fi ń múlẹ̀ kí a tó lè fi ìwé rẹ̀ rìn?
4. Kí ni ó dé tí a kò gbọdọ̀ fi bẹ́líìtì kan di ìyá àti ọmọ pọ̀?
5. Ìgbà wo ni ó ṣe pàtàkì jù láti fún ọmọ lọ́mú nínú ọkọ̀ òfurufú?

Iṣẹ́ ilé: Kí olúkúlùkù mú ìwé ìbí ọmọ rẹ̀ wá sí kíláàsì. Kí ó ka orúkọ ọmọ náà sókè, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Kí ó wá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ bí ó ti wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí kò bá sí ìwé ìbí fún ọmọ náà, kí ó sọ fún olùkọ́, kí ẹ jọ wá ọ̀nà rẹ̀.

Ẹni tí ó ń lọ, kí ó lọ ire. Ẹni tí ń bọ̀ wálé, kí ó bá wa láyọ̀. Ó dàbọ̀ o.